Ṣé ọ̀bọ ní akáọ̀ntì ni? Bí owó tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọ̀bọ àti ìnàkí ṣe ń rìn

Láti January 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ tó ń lọ sókè òkun dúró, tí wọ́n sì padà ti USAID, àjọ wọn tó ń pín ọ̀pọ̀ owó náà, pa lóṣù July ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn nígboro Òṣogbo. Wọ́n á ní ẹ̀n-ẹ́n, àṣé wọ́n ti ń kó dọ́là fún ẹranko inú igbó láti ọjọ́ yìí wá, tí ebi sì ń pa ọmọ èèyàn. Màmá kan tó ń ta ẹ̀gúsí ní Ìgbọ̀nà tiẹ̀ bi mí pé ṣé ọ̀bọ ní akáọ̀ntì ni, báǹkì wo ló ń lò? A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ìbéèrè gidi ni màmá bi o, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí ò mọ bí owó ọ̀hún ṣe ń rìn, ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ sí, àti nǹkan tí wọ́n ń fi rà.

Kí n tètè sọ ọ́ kó yé wa: kò sí ọ̀bọ kankan tó ń gba kọ́bọ̀. Èèyàn ló ń gba owó náà, àwọn èèyàn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni pé èèyàn wo, ta ló yàn án, àti pé ṣé owó náà á ṣì máa wọlé lọ́dún márùn-ún sí i.

Àwọn wo ni wọ́n ní wọ́n ń parẹ́?

Àjọ kan wà lágbàáyé tó ń jẹ́ IUCN. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń kọ orúkọ ẹranko sílẹ̀, wọ́n á wo iye tó kù, bó ṣe ń dín kù sí, ibi tó kù sí, wọ́n á wá sọ bóyá ara rẹ̀ le, àbí ó ti ń wọ ewu, àbí ó ti fẹ́ẹ̀ tán pátápátá. Àwọn tó ń fúnni lówó, ìwé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Tí orúkọ ẹranko yín ò bá sí lápá ibi tó léwu níbẹ̀, ẹ lè sunkún títí, wọn ò ní dá yín lóhùn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀bọ tí ẹ ń rí lẹ́nu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, àwọn tó máa ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bisikíìtì gbà lọ́wọ́ àlejò, ò fi bẹ́ẹ̀ mú gírántì, ìyẹn owó ìrànwọ́, wá. Mona lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, wọ́n ń sún mọ́ ewu lóòótọ́ àmọ́ wọn ò tíì wọ̀ ọ́. Ìkejì wọn tún wà tó jẹ́ pé ewu tiẹ̀ ti dé, ìyẹn ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, tí kò sí níbòmíì láyé ju apá ọ̀dọ̀ wa yìí títí lọ sí Benin àti Togo. Nígbà tí UNESCO gba Igbó Ọ̀ṣun wọlé sínú ogún àgbáyé ní 2005, wọ́n dárúkọ ọ̀bọ ọlọ́fun funfun yìí nínú àlàyé wọn, pé ó wà lára ohun tí igbó náà ń tọ́jú. Mélòó nínú àwa ọmọ Òṣogbo ló mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èrò àlejò àti ère la máa ń mọ̀.

Ti ìnàkí, ìyẹn chimpanzee, tún wá burú ju ti ọ̀bọ lọ. Irú ìnàkí tó wà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ò tó 10,000 ní gbogbo ayé. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, èyí tó kù wà káàkiri díẹ̀díẹ̀, nínú igbó Ìṣẹ̀ ní Èkìtì, lápá Ìdànrè, àti nínú igbó Ọmọ pẹ̀lú Olúwa tó fara kan igbó Ṣáṣá tiwa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Gòrílà tó wà ní ààlà Cross River àti Kamẹrúùnù ló burú jù nínú gbogbo wọn, ó kù bí 300.

Kí ló dé tó jẹ́ ará ìlú ni wọ́n ń fún lówó?

Láyé àtijọ́, ìyẹn látayé òyìnbó, ìjọba á dé, wọ́n á fa ìlà yí igbó ká, wọ́n á gbé gáàdì síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, wọ́n á ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni tí bàbá rẹ̀ ti ń dẹ igbó yẹn kó tó di pé wọ́n bí ẹni tó fa ìlà, ilẹ̀ á mọ́ lọ́jọ́ kan, ó di olè lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Òru ni yóò máa lọ. Gáàdì mẹ́rin ò sì lè ṣọ́ igbó tó gba wákàtí mẹ́fà kéèyàn tó rìn ín já, pàápàá tí wọn ò bá tíì sanwó oṣù mẹ́ta fún wọn, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ti ará ìlú yàtọ̀. Ìlú ló ni igbó, ìlú ló máa jókòó sọ pé apá ibí yìí a ò ní ṣọdẹ níbẹ̀, apá ibí yìí ẹ lè dáko, ìlú ló máa yan àwọn ọmọ rẹ̀ tó máa ṣọ́ ọ, ìlú ló sì máa bá ẹni tó bá rú òfin náà wí. Olówó ìta kàn ń ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn ni. Èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ní Nàìjíríà ni òkè Mbe ní Cross River, ilẹ̀ tó tó 85 square kilometre. Ìlú mẹ́sàn-án ló ni ín, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2005 láti máa bójú tó o, WCS, àjọ kan tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, sì ń bá wọn ṣe é. Ní 2020 kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ inú igbó yẹn ya àwòrán agbo gòrílà kan tòun ti àwọn ọmọ wọn kéékèèké, àwòrán náà sì lọ káàkiri ayé, torí ẹranko tó bá ṣì ń bímọ ò tíì tán nìyẹn.

Owó náà fúnra rẹ̀, ohun tó ń jẹ ẹ́ jù ni owó oṣù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tí ìlú yàn gbọ́dọ̀ jẹun, ìyàwó wọn náà gbọ́dọ̀ jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà, aṣọ òjò, tọ́ọ̀ṣì, gààrí àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n máa gbé wọgbó fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà, kámẹ́rà. Iṣẹ́ wọn ò dà bíi ti fíìmù o, ìbọn ò fi bẹ́ẹ̀ dún níbẹ̀. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń tú tàkúté wáyà kúrò lójú ọ̀nà ẹranko, wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n rí ìtẹ́ ìnàkí sílẹ̀, wọ́n ń sùn nínú òtútù.

Apá kejì owó náà ni wọ́n ń fi wá iṣẹ́ míì fún àwọn ọdẹ. Wọ́n á ní kí wọ́n sin oyin, kí wọ́n sin ìgbín, kí wọ́n tún kòkó ṣe. Èmi ò fi gbogbo ara gba èyí gbọ́. Ẹni tó ń pa ẹran ìgbẹ́ tó ń tà á lójú ẹsẹ̀ láàárọ̀, ẹ fún un ní ìgbín mẹ́wàá kó máa dúró de ìgbà tí wọ́n máa bí sí i, ẹ wá ń retí pé kó gbé ìbọn sílẹ̀? Yóò gba ìgbín, yóò sì tún lọ sóko ọdẹ, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò sì ní bá a wí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lójú tèmi ni kí wọ́n gba ọdẹ náà síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ó mọ ojú ọ̀nà, ó mọ ohùn ẹranko, ó mọ gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dẹ tàkúté àti ibi tí wọ́n ń dẹ ẹ́ sí, ọmọ yunifásítì tó wá láti Abuja ò lè mọ ìdá mẹ́wàá ohun tó mọ̀.

Ibo lowó ọ̀hún ti ń wá, ọ̀nà wo ló ń gbà?

Gírántì ni owó tí wọ́n fún yín tí ẹ ò ní dá padà, àmọ́ tó ní iṣẹ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe. Kì í ṣe lóònù, kì í sì í ṣe ẹ̀bùn tí ẹ lè fi ṣe òkú.

Orísun rẹ̀ pọ̀. Ní ti ìjọba, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 2000 tó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìnàkí, gòrílà àti àwọn ẹbí wọn, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹranko nílẹ̀ wọn ló ń pín in, kì í ṣe USAID. Mo ń sọ èyí torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti da méjèèjì pọ̀. Àpò yìí náà ò sì bọ́ lọ́wọ́ ìdádúró 2025 yẹn, ìdí tí ẹ fi ń gbọ́ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ inú igbó ń ké nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìjọba, àwọn olówó tó ya owó sọ́tọ̀ wà: Arcus ní Amẹ́ríkà, Rufford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àti àpò Mohamed bin Zayed ní Abu Dhabi tí ò ń fúnni ju $25,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀bùn tún wà fún ẹni tó ti ń ṣe dáadáa. Rachel Ikemeh, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìnàkí apá ọ̀dọ̀ wa níbí, gba ẹ̀bùn Whitley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, £40,000 ni wọ́n so mọ́ ọn fún iṣẹ́ náà.

Owó yìí kì í sábà lọ tààrà sí abúlé. NGO, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, ni wọ́n ń fún. Ìdí ni pé ẹni tó fún wọn lówó fẹ́ rìpọ́ọ̀tù, ó fẹ́ risíìtì, ó fẹ́ ẹni tó lè kọ fọ́ọ̀mù ojú ewé ogójì lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fẹ́ akáọ̀ntì tó lè gba dọ́là. Baálẹ̀ ò ní gbogbo ìyẹn. Nítorí náà owó á kúrò lọ́wọ́ olówó, á dé àjọ ńlá kan lókè òkun nígbà míì, á dé NGO ní Nàìjíríà, kó tó wá dé ìlú. Lójú ọ̀nà, oníkálukú á yọ tiẹ̀ fún ọ́fíìsì, iná, ọ́dítọ̀, epo ọkọ̀. Kì í ṣe olè ni gbogbo ìgbà o, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́ tí ẹ ò ní ra epo, àwa tí a rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iye owó epo láti 2023 la mọ̀. Àmọ́ ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè pé nínú gbogbo owó tí wọ́n fi orúkọ igbó wa gbà, èló ló dé ọ̀dọ̀ wa, èló ló sì parí sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ohun míì tí kì í yé èèyàn ni pé olówó kì í fún NGO ní gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á fún wọn ní apá kan, NGO á ṣiṣẹ́, wọ́n á kọ rìpọ́ọ̀tù, kí wọ́n tó rí ìyókù. Tí rìpọ́ọ̀tù bá pẹ́, owó á pẹ́, àwọn tó ń ṣọ́ igbó ni ìyà rẹ̀ sì máa kọ́kọ́ jẹ.

Kí ló dé tí owó ń tán tí igbó ò sì yí padà?

Ibí lọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Abo ìnàkí máa ń tó bí ọdún márùn-ún láàárín ọmọ kan àti èkejì. Ọ̀pọ̀ gírántì, ọdún kan ni, tó bá pọ̀ ó di méjì mẹ́ta. Ẹ bá mi ro ó. Wọ́n máa fúnni lówó, wọ́n máa ṣiṣẹ́, wọ́n máa parí rẹ̀, wọ́n máa kọ rìpọ́ọ̀tù pé a ṣàṣeyọrí, kí ìyá ìnàkí kan ṣoṣo tó gba ọmọ kan lọ́mú. Tí ọdẹ bá sì pa ìyá kan lọ́dún kẹta tí owó ti tán, ohun tí wọ́n fi ọdún méjì tọ́jú ti lọ nìyẹn, ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ò ní yè.

Owó tí wọ́n ń ná níbi ìkómọ kọ́ ló ń tọ́ ọmọ. Gbogbo ẹbí á dé lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á náwó, wọ́n á yàwòrán, ẹni tó máa ra oúnjẹ ọmọ ní oṣù kẹsàn-án, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gírántì tó pọ̀ tó sì kúrú, owó ìkómọ ni. Èyí tó kéré tó ń wọlé lóṣooṣù fún ọdún mẹ́wàá ló ń tọ́ igbó, àmọ́ òun ni kò rọrùn rí, torí olówó fẹ́ràn nǹkan tuntun tó máa gbé orúkọ rẹ̀ jáde, kò sí ẹni tó fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sára owó oṣù ẹ̀ṣọ́ ọdún keje.

Ewu tó wà nínú kí owó dúró lójijì sì ju pé iṣẹ́ dúró lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gba ọdẹ síṣẹ́, ẹ fún un ní ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ìnàkí ń sùn hàn án, ó ti mọ gbogbo ìtẹ́ wọn, ẹ wá ní owó ti tán, ẹ máa lọ sílé. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló máa padà sídìí ìbọn, àmọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ sílé ìwé ò ní dúró dìgbà tí Amẹ́ríkà bá parí àtúnyẹ̀wò owó ìrànwọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí àwọn kan ti ń gbà ni pé wọ́n á kó owó ńlá jọ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní fọwọ́ kàn án, wọ́n á fi ṣòwò ní báǹkì tàbí lórí ọjà ìdókòwò, èrè tó bá jáde lọ́dọọdún nìkan ni wọ́n máa ná. Ó dáa. Àmọ́ ó gba owó ńlá kéèyàn tó lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gba àwọn èèyàn tí ojú wọn ò ní wọ owó náà. Owó tí wọ́n bá fi náírà tọ́jú, ẹ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí náírà.

Ṣé èèwọ̀ ò tó ni, dandan ni dọ́là?

Àwa ará Òṣogbo la máa ń bèèrè èyí jù, a sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75, èèwọ̀ ni ọdẹ, èèwọ̀ ni ẹja pípa, èèwọ̀ ni igi gígé, kò sì sí ẹni tó fún àwọn bàbá wa ní gírántì kí wọ́n tó fi lélẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé ìyókù ìtàn náà. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ojúbọ ti di àpatì, wọ́n ti gbin igi tíìkì sí apá kan igbó, wọ́n ti ń dáko níbẹ̀. Susanne Wenger tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn olórìṣà àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí, ló dìde sí i, ìjọba sọ ọ́ di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, ó wá dé ọ̀dọ̀ UNESCO. Èèwọ̀ wà, àmọ́ iṣẹ́ èèyàn, òfin ìjọba àti owó ló gbé e dúró nígbà tí àwọn tó gbà á gbọ́ dín kù.

Ní Ghana, ìlú méjì kan wà tí wọ́n ń pè ní Boabeng àti Fiema, èèwọ̀ ni kí wọ́n pa ọ̀bọ níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ìjọ kan tí èèwọ̀ yẹn ò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ìlú lọ bá ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di òfin tó mú gbogbo èèyàn, ẹlẹ́sìn yòówù kó jẹ́. Lónìí àlejò ń sanwó wọlé, wọ́n sì ń pín nínú owó náà fún ìlú àti àwọn olóyè. Lagwa ní Imo náà ní ọ̀bọ tí wọn ò gbọdọ̀ pa, ọ̀kan tí kò sí níbòmíì ju Nàìjíríà lọ, àmọ́ àlejò kì í wá síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀bọ sì ń jẹ oko àwọn èèyàn, ẹni tó gbin àgbàdo ló ń san owó èèwọ̀ náà. Ìyẹn ò dáa. Ẹ ò lè ní kí tálákà máa bọ́ ẹranko tí gbogbo ayé ń yìn.

Nílé wa níbí, owó ẹnu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń gbà á. Lóṣù August tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá á gbé pátákó wọn kalẹ̀. Ta ló ń ná owó lórí ọ̀bọ ọlọ́fun funfun náà, ta ló ń ka iye tó kù? Tí ẹ bá ní ẹnì kan nínú ẹbí yín tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ bá mi bi í.

Tí ìlú kan ní Ọ̀ṣun bá fẹ́ gba irú owó yìí ńkọ́?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù gírántì. Ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé, kí àwọn ọdẹ wà níbẹ̀, kí àwọn obìnrin tó ń wá igi ìdáná àti ewé nínú igbó náà wà níbẹ̀, kì í ṣe baálẹ̀ àti àwọn olóyè nìkan, torí àwọn tó ń wọgbó lójoojúmọ́ ló máa pa òfin náà mọ́ tàbí kí wọ́n rú u. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ibi tí ẹ yà sọ́tọ̀, ìyà tó wà fún ẹni tó bá rú u, ẹni tó máa fọwọ́ sí owó ní báǹkì. Ẹ jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà máa fọwọ́ sí i.

Ẹ̀rí pé ẹranko náà wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Olówó ò ní gba "àwọn bàbá wa rí i". Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì tó sún mọ́ yín, ọmọ ilé ìwé tó ń wá ohun tó máa kọ fún oyè rẹ̀ lè fi oṣù mẹ́ta ka ìtẹ́ àti ìró fún yín, ìwé tó bá kọ lẹ máa fi ṣe ẹ̀rí. Ìyẹn náà ló máa fi lè kọ̀wé sí Rufford.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ ẹ̀ka àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tòwò, ẹ ó nílò àwọn alábòójútó, èèyàn méjì ó kéré tán. Ẹ lọ gba ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi ẹgbẹ́ fọ owó olè, báǹkì máa bèèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí akáọ̀ntì ẹgbẹ́ fún yín. CAC gba owó, SCUML ò gba owó o, ọ̀fẹ́ ni. Agẹ́ńtì tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá fún SCUML, ẹ bi í pé owó kí ni.